Orí Kẹsàn-án: Ọjọ́ Tí Ìtàn Ń Tọ́ka Sí

Ẹ wo àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí dáadáa: 6-8-1861. Lára rísíìtì, lára ìwé-ẹ̀rí àti nínú lẹ́tà, bí a ṣe máa ń kọ ọjọ́ nìyẹn. Ọjọ́ ló ṣáájú, oṣù tẹ̀lé e, ọdún ló kẹ́yìn. Ẹ kà á báyìí: ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹjọ, ọdún 1861. Ọjọ́ Túsìdé ni. Lọ́jọ́ náà, Ọba Dòsùnmú ti Èkó fọwọ́ sí ìwé kan, Èkó sì bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹni tó bá ka ìyẹn nìkan lè rò pé láàárọ̀ ọjọ́ kan ni gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tó sì parí lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Ọjọ́ tí ìwé ìtàn ń kọ sílẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ tó ti ń hó tipẹ́ ru jáde nínú ìkòkò. Nítorí náà, bí a bá rí ọjọ́ kan nínú ìwé, ẹ jẹ́ ká máa béèrè ohun tó ṣáájú rẹ̀, ohun tó tẹ̀lé e, àti ẹni tó mú ọjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ Èkó ti wà nílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú. Kòsọ́kọ́ ló wà lórí oyè nígbà náà. Ó ti lé Akítóyè, arákùnrin bàbá rẹ̀, kúrò nílùú, Akítóyè sì ń wá ọ̀nà àtipadà. Òwò ẹrú ń lọ ní pẹrẹu. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn fẹ́ pa òwò náà run, àmọ́ wọ́n tún ń wá ibi tí wọn yóò ti máa ra epo pupa láìsí ìdíwọ́. Lẹ́yìn Kérésìmesì ọdún 1851, ọkọ̀ ogun wọn yìnbọn lu Èkó. Ilé jóná, Kòsọ́kọ́ sá lọ, wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1852, Akítóyè fọwọ́ sí ìwé pé òwò ẹrú ti tán ní Èkó. Ó wàjà lọ́dún 1853, Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ sì jọba.

Nígbà tí oṣù keje ọdún 1861 ń parí lọ, ọkọ̀ ogun kan tó ń jẹ́ Prometheus wà lójú omi Èkó. Bedingfield ni ọ̀gá ọkọ̀ náà. McCoskry ló ń ṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nínú ìlú. Irùngbọ̀n rẹ̀ pọ́n, ni àwọn ará Èkó bá sọ ọ́ ní Apọ́ngbọ̀n, orúkọ tí àdúgbò kan ń jẹ́ ní erékùṣù Èkó títí dòní. Wọ́n pe ọba wá sínú ọkọ̀, wọ́n ní kó fi ìlú lé Ayaba Fikitóríà lọ́wọ́. Ọba kọ̀, àwọn ìjòyè náà kọ̀. Wọ́n fún wọn ní ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n fi rò ó, ọkọ̀ ogun kò sì kúrò lójú omi. Iná ọdún 1851 kò tíì kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Nígbà tó di Túsìdé, ọba fọwọ́ sí i. Wọ́n ta àsíá Gẹ̀ẹ́sì sókè, wọ́n yìnbọn ìkíni, àwọn ọmọ ilé-ìwé míṣọ́nnárì sì kọrin fún ayaba tí wọn kò rí rí.

Kí ló wà nínú ìwé náà? Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó ní ọba ti fi èbúté àti erékùṣù Èkó fún Ayaba àti àwọn tó máa jọba lẹ́yìn rẹ̀ títí láé. Ó gbà kí Dòsùnmú ṣì máa jẹ́ orúkọ oyè rẹ̀, kó máa parí ìjà fún àwọn ọmọ ìlú tó bá gbé ẹjọ́ wá, ṣùgbọ́n ẹni tí ìdájọ́ rẹ̀ kò bá tẹ́ lọ́rùn lè gbé ẹjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ òfin Gẹ̀ẹ́sì. Ó tún ní bí wọ́n bá ń ta ilẹ̀, òǹtẹ̀ ọba lára ìwé ni ẹ̀rí pé kò sí ọmọ ìlú mìíràn tó ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ náà.

Ẹ tún gbólóhùn ìkẹyìn yẹn kà. Ní Èkó, ẹbí ló ni ilẹ̀. Àwọn olóyè Ìdẹ́jọ ni olórí àwọn ẹbí tó ni ilẹ̀ látayébáyé, ọba kò sì lè ta ilẹ̀ wọn. Ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé sọ pé òǹtẹ̀ ẹnì kan tó. Owó tí wọ́n wá bá ọba ṣàdéhùn lé lórí ni ọ̀kẹ́ owó ẹyọ 1,200 lọ́dọọdún. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ owó ẹyọ 20,000. Ó pọ̀ lójú, ṣùgbọ́n gbogbo èbúté Èkó àti owó tó ń wọlé níbẹ̀ ni wọ́n fi rọ́pò.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn kò tán bọ̀rọ̀. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá, Olóyè Olúwa, Amodu Tijani, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, pe ìjọba lẹ́jọ́. Ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Lọ́ńdọ̀nù. Herbert Macaulay bá a lọ sí ìlú òyìnbó. Lọ́dún 1921, àwọn adájọ́ níbẹ̀ sọ pé ìwé ọdún 1861 kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. 60 ọdún gbáko ló wà láàrin ọjọ́ tí ọba fọwọ́ síwèé àti ọdún tí ilé-ẹjọ́ túmọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Dòsùnmú kọ́ ló mú ọjọ́ tó fọwọ́ síwèé. Àmọ́ ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé àwọn ènìyàn jókòó, wọ́n rò ó, wọ́n sì yàn án. Ẹ ka èyí: 25-1-1835. Ìlú Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia, orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì, ló ti ṣẹlẹ̀. Ẹrú pọ̀ níbẹ̀, àwọn tó ti gba òmìnira náà sì wà. Nagô ni wọ́n ń pe àwọn tó wá láti ilẹ̀ Yorùbá. Malê ni wọ́n ń pe àwọn Mùsùlùmí, àwọn Nagô ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Bí iṣẹ́ bá parí lálẹ́, wọ́n á kóra jọ nínú yàrá kékeré, wọ́n á máa kọ́ ara wọn ní kíkà àti kíkọ èdè Lárúbáwá. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wọn, Pacífico Licutan, wà lẹ́wọ̀n nígbà náà torí gbèsè tí ọ̀gá rẹ̀ jẹ.

Ọjọ́ Sunday ni wọ́n mú láti dìde sí àwọn tó kó wọn lẹ́rú. Ọjọ́ ọdún ìjọ Àgùdà ni, ọ̀pọ̀ àwọn olówó ẹrú yóò sì ti lọ sí Bonfim, ibi tó jìnnà díẹ̀ sí àárín ìlú. Inú oṣù Ramadan ni wọ́n sì wà. Ohun tí wọ́n pinnu ni pé kí ìjà bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí, nígbà tí àwọn ẹrú máa ń jáde lọ pọn omi. Ṣùgbọ́n lálẹ́ Sátidé, ọ̀rọ̀ náà dé etí ìjọba. Àwọn ọlọ́pàá ń wá wọn láti ilé dé ilé, wọ́n sì kan ilé kan tí àwọn kan nínú wọn kóra jọ sí. Bí ìjà ṣe bẹ́ sílẹ̀ nìyẹn kí àkókò tí wọ́n fẹ́ tó tó. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti parí. Àwọn tó lé ní 70 ló kú nínú wọn. Wọ́n yìnbọn pa àwọn mẹ́rin lẹ́yìn ìdájọ́, wọ́n na ọ̀pọ̀ ní pàṣán, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ padà sí etíkun Áfíríkà.

Ohun tó dẹ́rù ba ìjọba jù lọ ni ìwé. Wọ́n rí i nínú tírà tí wọ́n so mọ́ra, wọ́n rí i nínú yàrá wọn: àdúrà, àyọkà Kùránì, ìwé tí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ lẹ́tà. Àwọn ọ̀gá tí kò lè kà á rò pé ọ̀rọ̀ ogun ni gbogbo rẹ̀. Díẹ̀ nínú àwọn ìwé yẹn ṣì wà nípamọ́ ní Bahia. Bí mo bá rántí pé iṣẹ́ ojúmọ́ ti tán àwọn yẹn lágbára kí wọ́n tó jókòó ti wàláà, àánú wọn a máa ṣe mí, orí mi a sì máa wú.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ọjọ́ tí wọ́n ní ogun kan parí wò náà. Ogun Kírìjì ni, kíá la ó sọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1877, láàrin Ìbàdàn àti àwọn Èkìtìparapọ̀. Ìyà tí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn fi ń jẹ àwọn ará Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ló fà á. Fábùnmi ti Òkèmẹ̀sí ló kọ́kọ́ gbé idà, Ògèdèǹgbé Iléṣà sì di olórí ogun. Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, kú sí ibùdó ogun lọ́dún 1885. Ìwé ìtàn sọ pé ogun náà parí ní 23-9-1886. Òótọ́ ni pé wọ́n kéde àlàáfíà lọ́jọ́ náà láàrin ibùdó méjèèjì. Àmọ́ ìwé àdéhùn fúnra rẹ̀ ti wà láti oṣù kẹfà ọdún náà, ìjà Ìbàdàn pẹ̀lú Ìlọrin kò sì rọlẹ̀ títí di ọdún 1893.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn rèé: 17-1-1955. Ọjọ́ Mọ́ńdé. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni olórí ìjọba, S. O. Awókọ̀yà ló ti gbé ìlànà náà kalẹ̀ láti ọdún 1952 nígbà tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́. Ohun tó ṣáájú rẹ̀ kò rọrùn rárá. Ìjọba ní kí àwọn tó ń san owó-orí fi sílè mẹ́wàá àti kọ́bọ̀ mẹ́fà kún un fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nígbà ìdìbò àpapọ̀ ọdún 1954, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ fìdí rẹmi ní agbègbè tirẹ̀ gan-an. Síbẹ̀ wọn kò dá ètò náà dúró.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ọmọ tó ti tó ilé-ìwé? Ọ̀pọ̀ òbí kò ní àkọsílẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ. Àwọn àgbàlagbà fúnra wọn ń fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ka ọjọ́ orí: wọ́n bí lágbájá nígbà ogun Àdùbí ní Ẹ̀gbá, wọ́n bí tàmẹ̀dò nígbà lukuluku, àjàkálẹ̀ àrùn tó bá ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó lọ́dún 1918. Tíṣà a ní kí ọmọ na ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí. Bí ìka rẹ̀ bá kan etí òsì, ó tó ọmọ ilé-ìwé. Bí kò bá kàn án, kó padà lọ sílé títí di ọdún tó ń bọ̀. Mélòó nínú wọn ló sunkún padà lọ sílé! Àwọn mìíràn a máa fa ọwọ́ náà, wọ́n a máa tẹ orí bọlẹ̀, kí ìka ṣáà lè débẹ̀.

Lọ́dún 1954, àwọn ọmọ tó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè náà tó nǹkan bí 457,000. Lọ́dún 1955, wọ́n lé ní 811,000. Kíláàsì kún. Tíṣà kò tó, àwọn tí kò tíì kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n kó sínú kíláàsì. Àwọn kan sọ pé ẹ̀kọ́ ti bàjẹ́, ẹ̀sùn náà sì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó jẹ́ pé òun ni àkọ́kọ́ nínú ẹbí rẹ̀ tó mọ̀wé kọ, kí ẹ gbọ́ èsì rẹ̀.

Ọjọ́ kan ṣẹ́kù tí ẹ ti mọ̀ dáadáa: 12-6-1993. Ọjọ́ Sátidé ni. Wọ́n dìbò ààrẹ, M. K. O. Abíọ́lá ti ẹgbẹ́ SDP àti Bashir Tofa ti NRC ló ń du ipò. Abíọ́lá ló ń borí. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kan náà, ìjọba ológun Babangida fagi lé ìdìbò náà. Abíọ́lá kú sí àtìmọ́lé ní ọjọ́ keje oṣù keje ọdún 1998. Nígbà tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 1999, ọjọ́ yẹn ni wọ́n sọ di Ọjọ́ Ìjọba Àwaarawa. Àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá kò gbà kí June 12 parun, ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe ìrántí rẹ̀. Lọ́dún 2018, Ààrẹ Buhari kéde pé June 12 ni yóò máa jẹ́ Ọjọ́ Ìjọba Àwaarawa, ó sì bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2019. Oṣù karùn-ún ni wọ́n ṣì ń búra fún ààrẹ, June 12 ni gbogbo orílẹ̀-èdè sì ń gba ìsinmi.