Fífa Ọ̀rá Kó Lè Lágbára

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Kabba, ẹ mú ọ̀rá píọ́ wọ́tà kan tí wọ́n ti mu omi inú rẹ̀ tán. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé pẹlẹbẹ kan lára rẹ̀, kó fẹ̀ tó ìka kan. Ẹ di orí méjèèjì mú, kí ẹ máa fà á díẹ̀díẹ̀. Ẹ má kánjú, torí bí ẹ bá fà á yọ lójijì, jíjá ni yóò já.

Ní ojú kan, ọ̀rá náà yóò tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọrùn. Bí ẹ ti ń fà á lọ, ọrùn yìí á máa gùn sí i, á máa jẹ ibi tó ṣì fẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tó bá jẹ ẹ́ tán, ọwọ́ yín á mọ̀ ọ́n: ó ti le, kò fẹ́ fà mọ́.

Kí ló ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀? Polyethylene ni ọ̀rá yìí. Eric Fawcett àti Reginald Gibson ló ṣàdédé rí i ní ilé-iṣẹ́ ICI ní Winnington, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù Kẹta ọdún 1933. Mólékù rẹ̀ gùn jọjọ: ẹgbẹẹgbẹ̀rún átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù tó so kọ́ra lórí ìlà kan. Ìdè tó so kábọ́ọ̀nù kan mọ́ ìkejì yi gan-an. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rá tí a kò tíì fà, àwọn mólékù náà ká kò, wọ́n lọ́ mọ́ra wọn. Bí a bá wá fà á, lílọ́ yẹn là ń tú. Ọwọ́ wa kò tíì kan ìdè tó yi, àfi ìgbà tí àwọn mólékù bá nà tán, tí wọ́n kọjú síbì kan náà.

Àwọn ìyá wa ní Bùnú mọ èyí lára òwú. Òwú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n kò lè gbé nǹkan kan, àfi ìgbà tí a bá fà á tí a sì ran án, tí fọ́nrán rẹ̀ kọjú síbì kan náà. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀ o: yíyí ló ń mú kí fọ́nrán òwú di ara wọn mú, mólékù ọ̀rá kò sì nílò yíyí, torí wọ́n gùn, wọ́n sì fara kínra pẹ́kípẹ́kí.

Ẹnì kan lè ní, ẹ ò ṣe kúkú yọ́ ọ kí ẹ tó fà á? Nínú ọ̀rá tó ti yọ́, mólékù á máa yọ̀ kọjá ara wọn. Kó tó dì, ọ̀pọ̀ wọn ti tún ká kò. Bó bá sì tutù jù, á já. Àárín méjèèjì ni iṣẹ́ wà: kó gbóná, kó má yọ́. Nǹkan bí 130°C ni polyethylene líle ti ń yọ́, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń fà á.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà. Wọ́n lè ti ọ̀pá rẹ̀, bó ṣe le yẹn, gba inú irin tí ihò rẹ̀ fẹ̀ lẹ́yìn tó sì ṣe tóóró níwájú. Roger Porter àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Massachusetts ní Amherst ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí èyí. Wọ́n sì lè dúró níwájú, kí wọ́n máa fà á. Ohun tí Ian Ward àti Capaccio ṣe nìyẹn ní Yunifásítì Leeds láàárín ọdún 1970 sí 1980. Wọ́n fà á títí ó fi gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po 20 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì wá ń kọ fífà bí álúmíníọ̀mù ṣe ń kọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ro èyí dáadáa: wọn kò fi èròjà kankan kún un! Ètò inú rẹ̀ nìkan ló yí padà.

Ọ̀rá tí a fà ní àléébù méjì. Àkọ́kọ́, ooru lè bà á jẹ́. Ẹ pe àgbàlagbà kan sítòsí, kí ẹ ju ọ̀rá tí ẹ fà sínú omi híhó: á súnkì, torí mólékù rẹ̀ ń wá bí yóò ṣe tún ká kò.

Àléébù kejì ńkọ́? Ẹ fa òmíràn, kí ẹ wá ya á ní òòró. Wẹ́rẹ́ ni á ya, torí gbogbo agbára rẹ̀ ti kọjú sọ́nà kan, ìbú rẹ̀ kò ní nǹkan kan mọ́. Ìdí nìyí tí àpò gàrí tí ẹ ń rí lọ́jà fi jẹ́ híhun. Polypropylene, ìbátan polyethylene, ni wọ́n sábà fi ń ṣe é. Wọ́n á yọ́ ọ di pẹlẹbẹ, wọ́n á là á tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á fà á nínú ooru láìjẹ́ kó yọ́, títí yóò fi gùn tó ìlọ́po 5 sí 7. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á hun ún, òmíràn ní òòró, òmíràn ní ìbú, kí ọ̀kan lè gbé ẹrù níbi tí èkejì á ti ya.