Òwò Orúkọ Ìkànnì: Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Mọ̀ Kí A Tó Kówó Lé E

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí dá lórí òwò kan tí àwọn ọ̀dọ́ wa ní Mushin, Yaba àti Surulere ń bi wá léèrè nípa rẹ̀ lemọ́lemọ́. Wọ́n ní àwọn kan ń ra orúkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń tún un tà ní iye tó pọ̀ ju iye tí wọ́n rà á lọ. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá òwò gidi ni, bóyá ó tọ́ lójú òfin àti lójú ẹ̀sìn, àti bóyá sàká wà lórí rẹ̀. Ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dára, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń tà kò lè dáhùn ọ̀kankan nínú wọn.

Orúkọ ìkànnì ni ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń tẹ̀ sínú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà kí ó tó lè dé ojú ìwé ilé-iṣẹ́ kan, irú èyí tó máa ń parí sí .com, .org tàbí .ng. Kì í ṣe ìkànnì fúnra rẹ̀. Ẹ fi wé ṣọ́ọ̀bù nínú ọjà Tejúoṣó: orúkọ ni nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ìlẹ̀kùn, ìkànnì ni ọjà tí ẹ tò sínú rẹ̀. Èèyàn lè ní nọ́ńbà lọ́wọ́ láìtíì to ọjà kankan. Orúkọ kan kò sì lè jẹ́ ti ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi í sílẹ̀ ló ni ín, níwọ̀n ìgbà tó bá ń san owó rẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kéré "lọ́dọọdún" yẹn, nítorí òun ló ń gba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. A kì í ra orúkọ ìkànnì pátápátá bí ẹni ra ilẹ̀. Owó ìlò ni a ń san. Bí ọjọ́ ìsanwó bá kọjá, ilé-iṣẹ́ tí ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lè fún yín láàyè díẹ̀. Lẹ́yìn èyí, fún .com, ọjọ́ 30 ṣì wà tí ẹ fi lè rà á padà pẹ̀lú owó ìtanràn. Tí ìyẹn náà bá lọ, ọjọ́ 5 péré ló kù, orúkọ bọ́ sígboro, ẹni tó bá yá lọ́wọ́ ni yóò mú un.

Àwọn tó rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa, ẹ jẹ́ kí á rán wọn létí pé Yaba níbí ni ìtàn .ng ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fún Nàìjíríà ní .ng ní ọdún 1995, ọ̀dọ̀ Ìyá Ibukun Odusote, tó wà ní Yaba College of Technology nígbà náà, ni wọ́n fi sí. Ó bọ́ sọ́wọ́ NITDA, àjọ ìjọba àpapọ̀, ní 2004, àjọ NiRA sì gbà á ní 2009, tí ó sì ń bójú tó o láti ìgbà náà. NiRA kì í jókòó máa tà á fún èèyàn lẹ́yọ lẹ́yọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń tà á fún ará ìlú.

Èwo wá ni ti èrè rẹ̀? Èrè wà níbẹ̀, kò sí irọ́ ńbẹ̀. Wọ́n ra orúkọ business.com ní 1997 ní dọ́là 150,000, wọ́n sì tà á ní 1999 ní mílíọ̀nù 7.5 dọ́là. Ní 2019, wọ́n ta voice.com ní mílíọ̀nù 30 dọ́là. Anguilla, erékùṣù kékeré kan ní òkun Kàríbíà, ni ó ni .ai. Nígbà tí gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ nípa kọ̀ǹpútà tó ń ronú, tí wọ́n sì ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní AI, owó tó wọlé fún ìjọba Anguilla láti ara .ai ní 2023 tó nǹkan bí mílíọ̀nù 32 dọ́là. Irú ìròyìn báyìí ni wọ́n fi ń fa ojú àwọn ọmọ wa mọ́ra. Lójú tiwa, ó dà bí ìgbà tí èèyàn gbọ́ pé ẹnì kan ra ilẹ̀ sí Lẹ́kí nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò tún bá igbó náà níbẹ̀ lónìí? Àwọn ọ̀rọ̀ kúkúrú, tó dùn ún pè, tí ó parí sí .com ti di ti onílé ní bí ogún ọdún sẹ́yìn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ìyá kan ló mú kí á jókòó ṣe ìṣirò rẹ̀ dáadáa. Ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn opó tí ẹgbẹ́ wa ń ràn lọ́wọ́ ní Mushin, ó ń ta ata ní ọjà Ojúwoyè. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó ń kàwé tó sì ń tún fóònù ṣe, sọ fún un pé kí ó yá òun ní owó èésú tó kàn án láti gbà, òun yóò fi ra orúkọ ogún. Ìyá náà kò kọ̀, kò sì gbà. Ó ní kí ọmọ jẹ́ kí àwọn kọ́kọ́ bi áfáà léèrè. A bá ọmọ náà ṣírò rẹ̀ sórí ìwé. Bí orúkọ .com kan bá jẹ́ dọ́là 12 lọ́dún, ogún orúkọ jẹ́ dọ́là 240. Tí a bá ka dọ́là kan sí náírà 1,500, ìyẹn jẹ́ náírà 360,000. Tí kò bá rí oníbàárà lọ́dún yẹn, yóò tún san án lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ní ọdún mẹ́ta, ó ti di dọ́là 720, ó lé ní mílíọ̀nù kan náírà.

Àwọn tó ti pẹ́ nídìí òwò yìí máa ń sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún orúkọ tí èèyàn kó jọ, tí ó bá rí ẹyọ kan tàbí méjì tà láàárín ọdún kan, kò burú. Nípa ti ogún orúkọ, a lè retí pé yóò ta bí ẹyọ kan ní ọdún mẹ́ta. Ká ní ó rí dọ́là 400 lórí rẹ̀, tí ojú ọjà tí ó gbé e sí sì mú dọ́là 15 nínú ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan, dọ́là 340 ni yóò kù fún un. Ó ti ná 720. Ẹ kò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé náírà tiwa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, dọ́là kan kò tó náírà 500 ní báńkì. Kí 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500. Ẹni tó kó orúkọ jọ sílẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn rí i pé owó ọdọọdún rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi kún iye dọ́là.

Ọmọ náà fajú ro díẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́. A ní kí owó èésú lọ sínú ata, nítorí orí rẹ̀ ni oúnjẹ àwọn àbúrò rẹ̀ dúró lé. Kí òun fi owó tí ó rí nídìí fóònù ra orúkọ kan tàbí méjì, kí ó fi kọ́ṣẹ́. Ọ̀nà mìíràn tún wà tí a rò pé ó dájú jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn aránṣọ, aṣerun àti àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní agbègbè wa pọ̀ tí wọn kò ní orúkọ ìkànnì kankan. Kí ó lọ bá wọn, kí ó bá wọn fi orúkọ sílẹ̀ ní orúkọ àwọn fúnra wọn, kí ó sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Owó náà kéré, ṣùgbọ́n owó oníbàárà ló ń ná, kì í ṣe ti ìyá rẹ̀.

Tí ẹnì kan bá tún fẹ́ ra láti tà, kí ó fara balẹ̀ yan orúkọ. Orúkọ tó dára ni èyí tí èèyàn gbọ́ lẹ́ẹ̀kan lórí rédíò tí ó sì lè tẹ̀ ẹ́ láìbéèrè. Ibí ni èdè Yorùbá ti ń fún wa níṣòro. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tẹ àmì ohùn tàbí àmì abẹ́ sórí fóònù, nítorí náà ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti oko, "oko" kan náà ni gbogbo wọn ń dà. Ẹlòmíràn á kọ ṣ ní "sh", ẹlòmíràn á kọ ọ́ ní "s" lásán. Tejúoṣó tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ wo ara pátákó ojú ọ̀nà: ẹ ó rí Tejuosho, ẹ ó sì rí Tejuoso. Ẹni tó bá ra ọ̀kan tí ẹlòmíràn sì ra èkejì, ìdajì oníbàárà rẹ̀ yóò máa ṣìnà lọ sí ilé onílé. Èyí tó ní nọ́ńbà tàbí àmì ìdè láàárín, ẹ fi sílẹ̀.

Nípa ti òfin, ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín kí èèyàn ra ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń lò àti kí ó ra orúkọ ẹlòmíràn. Ẹni tó lọ fi orúkọ ilé-iṣẹ́, báńkì, olóṣèlú tàbí gbajúmọ̀ kan sílẹ̀ kí onítọ̀hún lè wá bẹ̀ ẹ́, tí ó ń dúró de owó ìràpadà, kì í ṣe oníṣòwò. Òfin Nàìjíríà lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ṣe ní 2015, sọ ọ́ ní ìpín 25 rẹ̀ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 2 lọ, tàbí kí ó san owó ìtanràn tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, tàbí méjèèjì. Adájọ́ sì lè ní kí ó dá orúkọ padà. Láti 1999 ni ìlànà gbogbo ayé tún ti wà fún àwọn .com. Ní 2000, òṣèré Julia Roberts fi ìlànà yìí gba juliaroberts.com lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ti gbé e sí ojú gbàǹjo. Ẹ̀sìn wa kò sọ ohun tó yàtọ̀ sí èyí. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù lágbàáyé jókòó ní Kuwait ní 1988, wọ́n sì fẹnu kò pé orúkọ òwò àti àmì ọjà jẹ́ dúkìá tó ní iye lórí, ó ṣeé tà, kò sì tọ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ kan ti ẹlòmíràn. Ìpinnu kan ṣoṣo náà ló jẹ́ kí òwò yìí jẹ́ hálálì, òun náà ló sì sọ apá kan rẹ̀ di háráàmù.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Sanmay Ved rí i pé google.com wà fún títà ní dọ́là 12. Ó sanwó, ó sì wọlé. Bí ìṣẹ́jú kan ni ó fi wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí Google tó fagi lé e. Kò dùn ún, ó ròyìn rẹ̀ fún wọn. Wọ́n fún un ní dọ́là 6,006.13, nígbà tí ó sì ní kí wọ́n kó o fún ẹgbẹ́ kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ tálákà níwèé ní Íńdíà, wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po méjì.

Àwọn nǹkan kéékèèké méjì kan wà tí a gbọ́dọ̀ sọ. Àwọn kan máa ń rí orúkọ tí kò tíì ní olówó, wọn yóò lọ gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà kí wọ́n tó ra orúkọ náà. Ànábì wa, kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ti kọ̀ fún wa láti ta ohun tí kò sí lọ́wọ́ wa. Èkejì ni àwọn gbájúẹ̀ tó ń kọ̀wé pé àwọn fẹ́ ra orúkọ yín ní owó ńlá, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ san owó fún ẹni tí yóò díye lé e. Oníbàárà tòótọ́ kì í ní kí ẹ sanwó kí òun tó lè sanwó. Tí owó bá pọ̀, kí ẹnì kẹta tí ẹ̀yin méjèèjì fọkàn tán di owó mú títí orúkọ yóò fi dé ọwọ́ ẹni tó rà á.

Nípa ti sàká, ọjà òwò ni orúkọ tí a rà láti tà, sàká sì wà lórí ọjà òwò. Èyí tí ẹ ń lò fún ilé-iṣẹ́ yín fúnra yín dà bí ṣọ́ọ̀bù, kò sí sàká lórí rẹ̀. Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà Imam Malik ni ọ̀pọ̀ jù nínú wa ń tọ̀, ó sì ya oníṣòwò sọ́nà méjì. (A mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín pé kí ni Imam Malik mọ̀ nípa íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ mú sùúrù.) Ẹni tó ń tà tó ń rà lójoojúmọ́ ni wọ́n ń pè ní mudir: yóò ka ọjà rẹ̀ lọ́dọọdún, yóò díye lé e, yóò fi kún owó ọwọ́ rẹ̀, yóò sì yọ náírà 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún, bí gbogbo rẹ̀ bá tó iye wúrà gíráàmù 85. Ẹni tó ra ọjà tí ó gbé e pamọ́, tí ó ń retí kí owó rẹ̀ gòkè, òun ni muhtakir. Kò ní sàká láti yọ títí yóò fi tà á. Ọjọ́ tí ó bá tà á, bí owó náà bá tó òṣùwọ̀n tí ọdún sì ti yí ká lórí rẹ̀, sàká ọdún kan ni yóò yọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ra orúkọ ìkànnì pamọ́, muhtakir ni wọ́n. Àwọn ọ̀nà mẹ́ta yòókù kò ya oníṣòwò báyìí: wọ́n ní kí gbogbo wọn máa díye lé ọjà wọn lọ́dọọdún. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é báyẹn, ohun rere ni.

Ó ku ti ogún. Orúkọ ìkànnì jẹ́ ohun ìní, ó sì yẹ kí wọ́n pín in fún àwọn ajogún bí wọ́n ti ń pín ilé àti ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ilé kì í sá lọ. Bí olóògbé kò bá sọ fún ẹnikẹ́ni, ọjọ́ ìsanwó yóò kọjá, orúkọ yóò bọ́ sọ́wọ́ àjèjì, àwọn ọmọ òrukàn kò sì ní mọ̀ pé ohun kan wà rí. Àwọn ìwé ìkìlọ̀ ń lọ sí í-meèlì tí kò sí ẹni tó lè ṣí i, ìlà fóònù tí wọ́n fi so ó mọ́ra sì lè ti kú, nítorí ìlà tí kò ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà, ilé-iṣẹ́ fóònù lẹ́tọ̀ọ́ láti tì í. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀, kí ó kọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ilé-iṣẹ́ tó ti gbà á àti ọjọ́ ìsanwó rẹ̀ sínú ìwé ìfisílẹ̀ rẹ̀. Ní tiwa, a ti fi ìlà kan kún fọ́ọ̀mù tí a fi ń kọ ohun ìní sílẹ̀ nígbà tí a bá lọ sí ilé àwọn ọmọ òrukàn tuntun: ǹjẹ́ olóògbé ní orúkọ ìkànnì kankan, àdírẹ́sì í-meèlì wo ni ó sì fi gbà á?