Ẹ yẹ nọ́ńbà ṣáásí wò kẹ́ ẹ tó sanwó tòkunbọ̀

Mọ́tò tòkunbọ̀ tó ń dán gbinrin ní Ring Road tàbí Challenge, n'Ìbàdàn, lè jẹ́ èyí tí omi ti bò mọ́lẹ̀ rí l'Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, bí owó àtúnṣe ọkọ̀ bá ti pọ̀ jù, iléeṣẹ́ adójútòfò yóò sanwó fún ẹni tó ni ín, wọn yóò sì lu ọkọ̀ náà ní gbàǹjo. Lẹ́yìn ìjì Katrina ní 2005 àti Harvey ní 2017, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí omíyalé bò ló dé irú ọjà bẹ́ẹ̀. ‘Salvage’ ni wọ́n sábà máa ń kọ sórí ìwé wọn, ṣùgbọ́n ìwé yẹn lè má dé ọwọ́ ẹni tó ń rà á níbí.

Ọkọ̀ tí bọ́ńpà rẹ̀ nìkan fọ́ ṣeé tún ṣe. Ti omi ló léwu, nítorí wáyà rẹ̀ yóò máa jẹrà díẹ̀díẹ̀. Kí ẹni tó fẹ́ rà á ṣí kápẹ́ẹ̀tì wò bóyá ẹrẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, kó fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde tán, kó wò ó bóyá irin abẹ́ ìjókòó ti dógùn-ún. Mẹkáníìkì àti rẹwáyà tirẹ̀ ni kó mú lọ, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á. Kó fi nọ́ńbà ṣáásí, tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, wá ìtàn ọkọ̀ náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá sanwó kó tó yẹ̀ ẹ́ wò, àbámọ̀ ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀.