Ayùn Oníbátìrì Nídìí Igi Máńgòrò

Ìbéèrè: Igi máńgòrò kan, ọsàn méjì àti gúáfà kan ló wà nínú àgbàlá mi ní Bouaké. Àwọn ọmọkùnrin tí mo máa ń háyà ń fi àdá ṣá ẹ̀ka wọn, ẹ̀ka á ya, èèpo á bó wálẹ̀ lára igi. Ọmọ mi wá fi ayùn kékeré oníbátìrì ránṣẹ́ sí mi láti Abidjan. Ó fúyẹ́ gan-an, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún lè lò ó? Bátìrì rẹ̀ kì í sì í pẹ́ tó fi ń tán.
Ìyá kan, ọmọ Ẹjìgbò, Bouaké

Ìdáhùn: Ẹ ǹlẹ́ mà. Ẹ lè lò ó dáadáa, ọmọ yín ṣeun. Fífúyẹ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, torí òun ló ń mú kéèyàn fi ọwọ́ kan gégi, kó fi èkejì di ẹ̀ka mú. Ọwọ́ tó di ẹ̀ka mú yẹn ni ṣéènì máa ń bá. Ọwọ́ méjèèjì ni kó wà lára ayùn, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀. Ẹ má gbé e gun àkàbà. Ẹ wọ awò ojú àti bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ẹ má fi ṣónṣó orí irin rẹ̀ kan igi, ibẹ̀ ló ti máa ń ta padà séèyàn lára.

Bí irin rẹ̀ bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ̀ka tí kò nípọn ju 10 lọ ni kẹ́ ẹ fi gé. Èyí tó ga ju orí yín lọ, ẹ fún ẹlòmíì ṣe. Èyí tó bá súnmọ́ wáyà iná, ẹ pe CIE, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná.

Ìwúwo ẹ̀ka ló ń fa èèpo ya. Ẹ kọ́kọ́ rẹ́ ẹ díẹ̀ láti abẹ́, níbi tó fi nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà jìnnà sí ara igi. Lẹ́yìn náà ẹ gé e láti òkè, síwájú ibi tẹ́ ẹ rẹ́ yẹn díẹ̀, yóò já bọ́ láìya. Ó ku kùkùté. Ẹ wo ìdí rẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí òrùka kan tó wú níbi tí ẹ̀ka ti yọ lára igi. Iwájú òrùka yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ ti gé e. Alex Shigo, onímọ̀ igi ará Amẹ́ríkà tó kú ní 2006, fi ayùn la ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi láti wo bí ọgbẹ́ ṣe ń ṣe nínú wọn. Ó rí i pé ọgbẹ́ kì í jinná lára igi bó ṣe ń jinná lára èèyàn. Ńṣe ni igi ń mọ odi yí ibi tó bàjẹ́ ká. Ìdí ẹ̀ka, níbi òrùka yẹn, ni odi náà wà. Ẹni tó gé e pẹ́lẹ́bẹ́ mọ́ ara igi ti wó odi, ẹni tó sì fi kùkùté gígùn sílẹ̀ ti fún ìjẹrà láyè. Ẹ má fi ọ̀dà kun ojú ibi tẹ́ ẹ gé.

Ìgbà ọyẹ́ ni máńgòrò ń tanná, ẹ má gé e nígbà náà. Ẹ kọ́kọ́ ká èso rẹ̀ tán, bí oṣù kẹfà sí ìkeje. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́: ẹbí kan náà ni máńgòrò àti kajú, oje wọn ń jó ara. Kẹ́ ẹ tó kúrò lórí igi kan bọ́ sórí òmíràn, ẹ yọ bátìrì, kẹ́ ẹ fi sípíríìtì nu ṣéènì, kí àrùn má bàa ràn.

Ní ti bátìrì, mo fura sí ṣéènì. Bí ohun tó ń tú jáde bá kúnná bí èlùbọ́, ó ti kújú, ó sì ń jẹ iná. Ẹ ní kí wọ́n pọ́n ọn, kẹ́ ẹ máa kán ọ́ọ̀lì sí i kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì fi agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi. Bátìrì tó gbóná, ẹ jẹ́ kó tutù kẹ́ ẹ tó ki í bọ ṣájà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e pamọ́ di ọdún tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí iná inú rẹ̀ kù tó ìdajì, inú yàrá tó tutù ni kó wà, kì í ṣe abẹ́ páànù.