Ṣé a lè ha oró kúrò lójú ilẹ̀ oko?

Ìbéèrè: Mo gbọ́ pé ní Japan, wọ́n ha ojú ilẹ̀ tí ìtànṣán olóró bà jẹ́ kúrò, wọ́n sì tún ń gbin ìrẹsì síbẹ̀. Ṣé ó ṣe é jẹ? (Ìyá Onírẹsì, Ganhi, Kùtọnu)

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, màmá. Lẹ́yìn ìjàǹbá ilé iṣẹ́ agbára átọ́míìkì ní Fukushima, ní Japan, lọ́dún 2011, cesium-137, èròjà tó ń tú ìtànṣán olóró jáde, balẹ̀ sórí oko, ó sì lẹ̀ mọ́ amọ̀ ojú ilẹ̀. Ọdún 30 ni ìdajì rẹ̀ fi ń kú. Àgbẹ̀ wo ló lè dúró dè é? Bí wọ́n bá ha nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 kúrò, èyí tó pọ̀ jù ti bá a lọ, àfi bí ẹnì kan bá ti kọ́kọ́ tú ilẹ̀ náà.

Ohun tó dùn mí ni pé ojú ilẹ̀ yìí kan náà ni ọ̀rá ilẹ̀ wà. Iyanrìn tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ kò lọ́ràá, àgbẹ̀ ní láti máa fún un lájílẹ̀. Wọ́n ń fi pòtásíọ̀mù sí i kí ìrẹsì má baà fa cesium. Ìrẹsì tí ìtànṣán rẹ̀ bá ju bẹ́kẹ́rẹ́ẹ̀lì 100 (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìtànṣán) lọ nínú kílò kan kò gbọdọ̀ dọ́jà. Èyí tó bá yege, ẹ jẹ ẹ́ láìfòyà.

Nítòsí wa náà, ní Zamfara ní Nàìjíríà, wọ́n ti ha ojú ilẹ̀ rí, àmọ́ òjé ló ba ilẹ̀ tiwọn jẹ́, kì í ṣe ìtànṣán. Lọ́dún 2010, eruku òjé láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà pa ọmọdé tó lé ní 400. Ọkọ́ àti ṣọ́bìrì ni àwọn ará abúlé fi ha àgbàlá wọn, wọ́n sin erùpẹ̀ náà, wọ́n sì da erùpẹ̀ tó mọ́ sí àgbàlá náà.