Ẹ̀KỌ́: ÀGBÀ TÍ Ó FẸ́ FI ẸSẸ̀ RÌN DÉ SẸ̀MẸ̀
(Ẹ ka 1 Àwọn Ọba 19:3–8)

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, láti Titirou dé etí òkun Sẹ̀mẹ̀, níbi tí a ti ń ṣe ìsìn òru Kérésìmesì, ó ju kìlómítà 400 lọ. Àgbà tí ó bá ń rin 25 lójúmọ́, á tó ọjọ́ 17.

Èlíjà náà dá rìn, ó fi ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó sùn, ẹ̀ẹ̀mejì ni áńgẹ́lì sì jí i kó jẹun, kó tó rin ọjọ́ 40 dé Hórébù. Ẹ má gba ààwẹ̀ lójú ọ̀nà o!

Sùtánà kò gba bàtà, nítorí náà kó wà nínú àpò. Títì ọlọ́dà máa ń jó ẹsẹ̀. Kí ó sinmi ní Ṣábẹ̀ẹ́. Àwọn ará ilé rẹ̀ ni kó sì kọ́kọ́ gbọ́, kí olùṣọ́ ìjọ tó gbọ́.