Má San Owó Igi fún Omi

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé o fẹ́ máa kó igi ìdáná láti ọ̀nà Emùré wá fún àwọn ìyá tó ń yan gààrí ní Ìkẹ́rẹ́, àti pé kílò lo fẹ́ fi máa rà á, kì í ṣe ìdì. O gbọ́n níbẹ̀. Igi àyìn le ju àràbà lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí méjèèjì bá gbẹ, ooru inú kílò kan wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Omi ni kí o ṣọ́ra fún.

Ará Faransé kan, Pierre Louis Dulong, tó kú ní 1838, ló ni ìṣirò tí a ń lò láti mọ ooru inú ohun ìdáná. Kílò kábọ́ọ̀nù kan ń mú ooru bíi mẹgajúùlù 33.8 wá, ti háídírójìn sì tó 144. Ṣùgbọ́n ọ́síjìn inú igi ti gba lára háídírójìn náà kí iná tó dé rárá, ìyẹn kò sì lè jó mọ́. Torí náà, fi 8 pín ọ́síjìn, kí o yọ èsì rẹ̀ kúrò lára háídírójìn.

Ká mú igi tó gbẹ pátápátá, ká fojú fo eérú rẹ̀. Nínú 100, kábọ́ọ̀nù jẹ́ bí 50, háídírójìn 6, ọ́síjìn 44. Fi 8 pín 44, ó di 5.5. Nínú háídírójìn 6, ààbọ̀ péré ló ṣẹ́ kù! Nínú kílò kan, kábọ́ọ̀nù mú mẹgajúùlù 16.9 wá, háídírójìn mú 0.7, àpapọ̀ 17.6. (Èédú ilẹ̀ ni ìṣirò yìí bá mu jù, bí wọ́n bá wọn ooru igi gan-an, ó sábà máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀.) Oru omi tí gbogbo háídírójìn 6 náà ń dà bí igi ti ń jó tún ń gbé bí 1.3 lọ. Ó ku 16.3.

Wàyí o, igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lásìkò òjò, tí omi ń hó jáde lẹ́nu ibi tí àáké gé nígbà tó bá wà lábẹ́ agbada, omi lè kó 40 nínú 100 rẹ̀. Igi gidi inú kílò kan ku 0.6, ooru rẹ̀ 9.8. Iná yóò sì ná bíi 1 láti fi lé omi náà lọ. 8.8 ló kù fún gààrí.

Má sì sọ pé wàá kúkú sun ún di èédú. Kílò èédú lè tó 30 lóòótọ́, ṣùgbọ́n ju ìdajì ooru igi lọ ló sábà máa ń bá èéfín lọ nínú ebè tí wọ́n ti ń sun ún.

Mú òṣùwọ̀n dání lọ sọ́dọ̀ onígi. Àárín ìtì ni kí o ti gé èyí tí o máa dán wò, má gé etí tí oòrùn ti pa. Wọ̀n ọ́n, mú un gbẹ nínú ààrò tó gbóná díẹ̀ ju omi híhó lọ, títí tí kò fi ní fúyẹ́ sí i mọ́. Bí kílò kan bá di 600 gíráàmù, ná an ní ìdajì iye igi gbígbẹ. Bí onígi bá kọ̀, kó là á, kó sá a, kó pè ọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.